Abo màlúù tó ń fún ni ní wàrà: bí a ṣe ń ṣírò oúnjẹ rẹ̀ ní Massè

Ní ọjọ́ tí àwọn obìnrin bá ń yan gàrí ní Massè, òkìtì ni èèpo ẹ̀gẹ́ máa ń dà. Ewúrẹ́ á jẹ, àgùntàn á jẹ, ẹni tó so màlúù mọ́ ẹ̀yìnkùlé náà á wá bu tirẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kò wọ́n ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, láti Ikpinlè títí dé Kpoulou, màlúù tó bá sì ń jẹ wọ́n a máa yó. Ṣùgbọ́n kí màlúù yó lọ́tọ̀, kí wàrà kún ọmú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí mo ń kọ èyí fún ni ẹni tó ní abo màlúù kan tàbí márùn-ún nílé, tó ń gbé oúnjẹ síwájú wọn láràárọ̀, tó sì ń ṣe é ní kàyéfì pé lítà méjì péré ni òun ń rí fún.

Ní ilẹ̀ tiwa yìí, oúnjẹ tó ń fún màlúù lágbára kì í wọ́n. Èyí tó ń kọ́ ara, tó sì ń di wàrà, ìyẹn purotéènì, ni kì í tó. Ẹni tó ń da èèpo ẹ̀gẹ́ kún èèpo ẹ̀gẹ́ nítorí pé wàrà kò jáde, ńṣe ló dà bí birikilà tó ń pàṣẹ yanrìn sí i nígbà tó jẹ́ pé sìmẹ́ǹtì ló tán. Orí ohun tí kò tó ló yẹ kí owó àti wàhálà lọ. Ìṣirò oúnjẹ ló ń jẹ́ ká mọ ohun tí kò tó yẹn, àti iye tí kò fi tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn. Àpò tó tóbi jù nínú ikùn màlúù ni èyí tí à ń rà lọ́wọ́ alápatà ní ṣàkì. Koríko tí màlúù bá gbé mì, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń padà sẹ́nu nígbà tó bá dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Màlúù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú koríko yẹn dà. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ṣàkì, ló ń ṣe é. Ohun tí wọ́n bá yọ jáde nínú koríko ni màlúù fi ń lágbára, nígbà tí àwọn kòkòrò náà bá sì ṣàn lọ sínú ìfun, àwọn gan-an tún di purotéènì tí ara rẹ̀ ń lò. Nítorí náà, ẹni tó ń bọ́ màlúù, àwọn kòkòrò inú ṣàkì ló ń kọ́kọ́ bọ́. Bí purotéènì inú oúnjẹ kò bá tó ìdá 7 nínú 100, ebi á máa pa wọ́n. Koríko á pẹ́ nínú ikùn, ikùn á kún gbìnrìn, màlúù á sì máa wo oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ láìjẹ ẹ́. Koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ti gbó kì í sábà tó ìdá 7 yẹn. Òun ló fà á tí màlúù fi ń rù láàárín pápá tó kún fún koríko.

Kí a tó ṣírò ohunkóhun, omi ni a ó kọ́kọ́ yọ kúrò. Kílò 20 koríko tútù lè má ju kílò 4 tàbí 5 lọ bí omi rẹ̀ bá gbẹ tán, ṣùgbọ́n kílò 20 èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ dáadáa lé ní kílò 17 oúnjẹ gidi. Bí a bá ń fi kílò tútù wé kílò gbígbẹ, gbogbo ìṣirò á dojú rú. Lórí ìwọ̀n gbígbẹ, màlúù a máa jẹ bí ìdá 2.5 sí ìdá 3 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀ lójúmọ́. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní màlúù kan tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n: 250 kílò ni ìwúwo rẹ̀, kílò 6.25 oúnjẹ gbígbẹ ló sì ń jẹ lójúmọ́. Ikùn ní ààlà. Oúnjẹ tí kò níláárí tó gba àyè níbẹ̀ ti dínà mọ́ èyí tó dára.

Irú màlúù tí a ní náà ṣe pàtàkì. Màlúù Lagune kúkurú tó ti wà ní gúúsù Benin láti ayébáyé lè fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ṣùgbọ́n wàrà rẹ̀ kò ju èyí tí ọmọ rẹ̀ yóò mu lọ. Borgou, tí àwọn Fúlàní ń sìn ní àríwá, a máa fún ni ní lítà kan sí méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu tirẹ̀, bó bá jẹ́ koríko ìgbẹ́ nìkan ló ń jẹ. Ní Kpinnou, nítòsí Athiémé, oko ìjọba ti sin Girolando, irú tí wọ́n fi Gir ilẹ̀ Íńdíà àti Holstein ilẹ̀ Yúróòpù dá sílẹ̀ ní Brazil. Kò sí oúnjẹ tó lè sọ Lagune di Girolando. Ṣùgbọ́n Girolando tí a kò bọ́ dáadáa á rù ju Lagune lọ, nítorí ara tirẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá wàrà dúró. Yóò fi ẹran ara rẹ̀ ṣe wàrà títí egungun ìdí rẹ̀ á fi yọ síta. Fún àpẹẹrẹ wa, ẹ jẹ́ ká mú abo màlúù àdàlù kan, ọmọ Borgou tí akọ Girolando gùn. Ó wúwo tó 300 kílò, a sì fẹ́ kó máa fún wa ní lítà 8 lójúmọ́, èyí tí ọmọ rẹ̀ ń mu wà nínú rẹ̀. Ẹ má yọ wàrà ọmọ kúrò nínú ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbàgbé rẹ̀.

Gbèsè méjì ni màlúù náà ń san lójúmọ́. Àkọ́kọ́ ni ti ara rẹ̀: kó mí, kó dìde, kó rìn, kí ara rẹ̀ gbóná. Èkejì ni ti wàrà. Nítorí ìlànà Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Benin, UFL ni wọ́n fi ń wọn agbára oúnjẹ. UFL kan ni agbára tó wà nínú kílò kan ọkà bálì. Fún ti ara rẹ̀, màlúù 300 kílò nílò UFL 3.2. Lítà wàrà kọ̀ọ̀kan ń gba UFL 0.44, nítorí náà lítà 8 á gba 3.5. Àpapọ̀ jẹ́ 6.7. Bó bá ń rìn jìnnà lọ síbi tó ti ń jẹko, iye yìí á tún lé sí i. Ní ti purotéènì, ara rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí gíráàmù 260, lítà kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ 90, tó fi jẹ́ pé lítà 8 ń fẹ́ 720. Ìyẹn jẹ́ gíráàmù 980, kílò kan ó dín díẹ̀. Nínú kílò 9 oúnjẹ gbígbẹ tí ikùn rẹ̀ lè gbà ni a ti gbọ́dọ̀ rí gbogbo ìwọ̀nyí.

Ẹ wá wo oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ń gbé síwájú rẹ̀: eèsún tó ti ga ju orí ènìyàn lọ, pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́. Ká ní ó jẹ kílò 5 eèsún ní ìwọ̀n gbígbẹ, àti kílò 4 èèpo ẹ̀gẹ́. Eèsún tó ti gbó bẹ́ẹ̀ kò ní ju ìdá 6 purotéènì lọ, èèpo ẹ̀gẹ́ kò ní ju ìdá 5. Eèsún mú gíráàmù 300 wá, èèpo mú 200 wá: 500 péré. Agbára rẹ̀ sún mọ́ UFL 6.3, èyí tó tó fún bíi lítà 7. Ṣùgbọ́n bí ara màlúù bá ti gba gíráàmù 260 tirẹ̀ nínú purotéènì, 240 ló kù, èyí kò sì tó lítà 3. Lítà mélòó ni ẹ ó rí? Kò ní tó 3. Agbára tó yẹ kó di lítà 4 yòókù kò rí purotéènì tí yóò bá ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbogbo oúnjẹ yẹn pọ̀ kò tó ìdá 7 tí mo sọ lókè. Ebi ń pa àwọn kòkòrò inú ṣàkì, màlúù kò sì ní jẹ kílò 9 yẹn tán.

Ní báyìí, ká tún un ṣe láì fi kílò kan kún un. Koríko Panicum tí a gé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́yìn ìgékù tó ṣáájú, nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì pọ̀ ju igi lọ, a máa ní bí ìdá 9 purotéènì. Kílò 4 gbígbẹ rẹ̀, ìyẹn bí kílò 18 ní tútù, á mú gíráàmù 360 wá. Ẹ fi kílò 6 ewé agunmániyè tútù sí i. Kílò kan àtààbọ̀ ni ní gbígbẹ, ìdá 22 purotéènì ló wà nínú rẹ̀, gíráàmù 330 nìyẹn. Ẹ dín èèpo ẹ̀gẹ́ kù sí kílò 2: 100. Ẹ bu kílò kan ẹ̀rún ekuro tí wọ́n ti fún àdí rẹ̀: 160. Lẹ́yìn náà, ààbọ̀ kílò sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀: 230. Àpapọ̀ purotéènì di gíráàmù 1,180, agbára di bíi UFL 6.8. Méjèèjì kọjá ohun tí lítà 8 ń fẹ́, purotéènì sì fi díẹ̀ pọ̀ jù, èyí tó dára, nítorí kì í ṣe gbogbo purotéènì inú ewé ló ń dà. Nínú gbogbo àtòpọ̀ yìí, sóyà nìkan ló máa ń ná ni lówó púpọ̀, ààbọ̀ kílò sì ni.

Àwọn iye tí mo lò yìí kì í dúró sójú kan. Koríko inú òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rún ekuro ilé-iṣẹ́ yàtọ̀ sí ti abúlé. Ohun tí kì í yí ni bí a ṣe ń ṣe ìṣirò náà.

Agunmániyè yẹ kí ó ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Igi tí a ń gbìn ṣe ọgbà ni, ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá gún mọ́lẹ̀ a máa hù, a sì lè gé ewé rẹ̀ léraléra lọ́dún. Àwọn onílé tí wọ́n fi wáyà ṣe ọgbà ti sọ oúnjẹ nù. Wàhálà kan wà níbẹ̀ ṣá o. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé màlúù á na imú sí i, á fẹ́ imú jáde, á sì yí orí padà. Òórùn rẹ̀ ni kò fẹ́. Ẹ gé e lálẹ́, kí ẹ jẹ́ kó rọ di òwúrọ̀, kí ẹ wá pò ó mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ máa ṣà jẹ. Kò yẹ kó ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ lọ, kò sì yẹ kí a gbé e fún ẹṣin rárá. Ẹni tí kò ní agunmániyè lè lo leucaena. Lẹ́yìn ìkórè, ìtàkùn ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà náà dára, bí òjò kò bá ti pa wọ́n jẹ́ nínú oko.

Ní ti ekuro, àwa ará ẹ̀ka Plateau yìí kò lè sọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Ní Pobè tó wà nítòsí wa ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Ṣùgbọ́n ẹ̀rún ekuro tí wọ́n fi ọwọ́ fún àdí rẹ̀ ní abúlé a máa ní òróró tó ṣẹ́ kù nínú. Bí òróró bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, á dí àwọn kòkòrò inú ṣàkì lọ́wọ́, ẹ̀rún náà á sì tètè kan. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èésan ekuro pọ̀ nínú rẹ̀. Sóyà wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òróró, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ. Kóró òwú tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, láti ìhà Bohicon, náà dára fún màlúù àgbà. Kúlíkúlí tó ti bu, ẹ má ṣe dán an wò. Májèlé tó wà nínú ẹ̀pà tó bu kì í dúró sínú màlúù nìkan, ó ń bá wàrà jáde, ọmọ yín ni yóò mu ún. Ẹnikẹ́ni tó bá sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ajílẹ̀ urea rọ́pò sóyà, ẹ má ṣe é láìsí oníṣègùn ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Urea lè bọ́ àwọn kòkòrò inú ṣàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan tó ṣèèṣì pọ̀ jù lè pa màlúù láàárín wákàtí díẹ̀.

Ká padà sórí èèpo ẹ̀gẹ́, nítorí òun ni ọrọ̀ Massè. Tútù rẹ̀ ní májèlé sáyánáìdì nínú, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, sísá sóòrùn tàbí fífi pamọ́ sínú àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ló sì ń mú un kúrò. Ní ìgbà òjò, sísá èèpo tó wà lódindi a máa gba ọjọ́ méjì, mẹ́ta, á sì bu kó tó gbẹ. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ILRI àti IITA ti fi ọ̀nà mìíràn hàn: wọ́n ń rin èèpo náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń rin gàrí, wọ́n ń fún omi rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fún ti gàrí, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n wá ń sá a. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ó ti gbẹ, tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù sì ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Ẹ wo gbogbo irinṣẹ́ yẹn: irú èyí tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Massè fi ń ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n lè máa ta èyí fún ẹni tó ní màlúù, dípò kí èèpo máa jẹrà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí èèpo, ẹ̀rún ekuro àti sóyà má gba ipò koríko. Ó kéré tán, ìdajì oúnjẹ gbígbẹ yẹ kó jẹ́ koríko àti ewé. Bí irú àwọn oúnjẹ ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ jù, inú ṣàkì á kan, ìgbẹ́ màlúù á ṣàn bí omi, ọ̀rá inú wàrà á sì dín kù. Ẹni tó ń ṣe wàgàsì á tètè mọ̀: wàrà kan náà, bọmubọmu kan náà, ṣùgbọ́n wàgàsì tó jáde kéré. Ẹ pín ìyẹ̀fun náà sí méjì, ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, kí koríko sì ti wọ inú ṣáájú rẹ̀.

Omi kò ní ìpínrọ̀ gígùn, síbẹ̀ òun ló pọ̀ jù nínú wàrà: ìdá 87 nínú 100. Màlúù wa yìí lè mu lítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí oòrùn mú, ó sì yẹ kí omi mímọ́ wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Lítà wàrà kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi gíráàmù 1.2 kálísíọ̀mù jáde, nítorí náà ẹ máa bu ìkarahun ìsán tí wọ́n lọ̀ fún adìyẹ sí oúnjẹ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú bíi gíráàmù 40 iyọ̀.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni wàrà máa ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn náà ni ìyánnú màlúù kò tíì dé ipò rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń rù, bó bá sì rù jù, kò ní tètè gba akọ, ọmọ tó yẹ kó bí ní ọdún kejì á pẹ́. Bí sóyà yín bá kéré, ìgbà yẹn ni kí ẹ ná an. Nígbà tó bá ku oṣù méjì kó tún bímọ, ẹ dá wàrà fífún dúró, kí koríko tó dára àti ewé díẹ̀ tó fún un.

Bí ẹ ti ń bọ́ ọ, màlúù fúnra rẹ̀ á máa sọ fún yín. Ẹ wò ó lọ́sàn-án nígbà tó bá dùbúlẹ̀: nínú màlúù mẹ́rin tó sinmi, ó kéré tán méjì yẹ kó máa jẹ àpọ̀jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ yẹ kó dúró bí òkìtì kékeré, kó má le bí ti ẹṣin, kó má sì ṣàn. Ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ọpọ́n. Bó bá jẹ́ igi eèsún nìkan ló kù, ẹ ti gé e pẹ́ jù.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ pé ààbọ̀ kílò sóyà lè san ara rẹ̀, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ wọn wàrà tí ẹ ń fún fún ọ̀sẹ̀ kan láì yí ohunkóhun padà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá fi sóyà náà sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pé ààbọ̀ kílò, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn kòkòrò inú ṣàkì tó mọ́ ọn lára, kí ẹ sì tún wọn wàrà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ìṣirò, gíráàmù 230 purotéènì tó fún lítà 2.5. Bí lítà kan àtààbọ̀ bá lé, ẹ fi iye tí ẹ ń ta lítà wé iye tí ẹ ra sóyà. Bí ohunkóhun kò bá sì lé, ẹ yọ sóyà kúrò, kí ẹ lọ wo agbára oúnjẹ, omi, tàbí aràn inú ikùn, nítorí purotéènì kọ́ ló ń dá wàrà màlúù yẹn dúró.